Lucknow ní Íńdíà: ṣé ìlú tí mo lè mú bàbá mi lọ ni?

Ọmọ Aránṣọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Ìparí oṣù Bélú ni mo ń mú bàbá mi lọ sí Delhi fún ìtọ́jú ojú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ojú náà wò, a óò ní ọjọ́ mẹ́rin nílẹ̀ kí dókítà tó tún rí wa. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ká lọ wo Taj Mahal ní Agra. Àmọ́ ọmọ Íńdíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni bàbá mi mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, Lucknow ni kí n mú wọn lọ.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni wọ́n fi tọ́ wa, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti dé ìlú náà, kí ló wà níbẹ̀? Báwo la ṣe ń lọ? Kí ni àgbàlagbà lè jẹ níbẹ̀ tí inú rẹ̀ kò fi ní dàrú? Mo dúpẹ́ o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Noida

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á la ojú wọn. Mo lo ọdún mẹ́rin ní Noida lẹ́bàá Delhi, mo sì lọ sí Lucknow lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ lọ, ẹ má ṣiyèméjì.

Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀. Èyí tó ń jẹ́ Shatabdi máa ń kúrò ní Delhi ní àárọ̀ kùtù, ó sì ń lò tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Àga ni wọ́n ń jókòó sí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, wọ́n á sì gbé tíì àti oúnjẹ wá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ó máa ń tán. Bí ẹ kò bá rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibùdó New Delhi ní ọ́fíìsì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àjèjì, inú ilé ibùdó náà gan-an ló wà. Ẹnikẹ́ni tó bá dá yín dúró níta, tó ní wọ́n ti ti ọ́fíìsì náà pa, tó ní kí ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn òun, ẹ má dá a lóhùn.

Lucknow náà ní ibùdó méjì tó fara kanra, Lucknow Charbagh àti Lucknow Junction. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ka orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ọkọ̀ kan fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ rí, torí ibùdó kejì ni mo jókòó sí tí mò ń dúró.

Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì. Òfin Íńdíà ní kí hòtẹ́ẹ̀lì fi orúkọ àjèjì tó bá sùn sọ́dọ̀ wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Àwọn kéékèèké kan kì í fẹ́ ṣe wàhálà yẹn, wọ́n á ní àwọn kì í gba àjèjì. Wọ́n dá èmi àti ọ̀rẹ́ mi padà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn tí a ti sanwó sílẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ bi wọ́n ní tààràtà bóyá wọ́n ń gba ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹ wá èyí tó bá wà ní Hazratganj tàbí ìtòsí rẹ̀. Àdúgbò tó dákẹ́ ni, ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro (metro) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 sì ń dúró níbẹ̀, láti pápákọ̀ òfurufú wá. Àmọ́ metro yẹn kò dé Chowk tó jẹ́ ìlú àtijọ́. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lẹ máa gbà lọ síbẹ̀.

Káàdì yẹ́lò yín, ẹ má gbàgbé ẹ sílé. Wọ́n á bi yín ní pápákọ̀ Delhi.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ mi, o káre. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlú náà díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀, ògiri lásán ló máa wò.

Etí odò Gomti ni Lucknow wà. Ilẹ̀ tó yí i ká ni wọ́n ń pè ní Awadh. Ní 1722, ọba ńlá Mughal tó wà ní Delhi fi ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Nishapur ní ilẹ̀ Pẹ́ṣíà, Saadat Khan, ṣe ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Nawab ni oyè wọn. Bí agbára Delhi ṣe ń relẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ ń di olúwa ara rẹ̀, tí oyè náà kò sì jáde nínú ìdílé kan náà mọ́. Faizabad ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní 1775 ni Asaf-ud-Daula jẹ Nawab, tó kó ààfin kúrò níbẹ̀ wá sí Lucknow. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀, tó lówó tó sì lẹ́nu láàfin ju òun alára lọ, máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin náà ni èyí. Ní 1784 ìyàn ńlá mú. Àwọn èèyàn ń kú. Asaf-ud-Daula kò jókòó kó máa há owó, iṣẹ́ ló dá sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ Bara Imambara, ilé tí àwọn Mùsùlùmí Ṣíà ti ń ṣọ̀fọ̀ Imam Husayn, ọmọ-ọmọ Ànábì, tí wọ́n pa ní Karbala ní 680. Ẹni tó bá ru bíríkì, ó rí jẹ. Àwọn ará ìlú ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé àwọn ọlọ́lá tí ìyàn ti sọ di aláìní ń tijú kí ojú má rí wọn nídìí ẹrù, ni Nawab bá ní kí wọ́n máa wá lóru, nínú òkùnkùn, kí wọ́n máa wó lára ohun tí àwọn tọ̀sán kọ́. Bí ti òru ṣe ń wó, ni ti ọ̀sán ń tún un kọ́, kí iṣẹ́ má baà tán, kí oúnjẹ má baà tán. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ti wíwó yẹn. Ṣùgbọ́n pé ìlú tó ń kú lọ rí jẹ nídìí ilé náà, èyí kì í ṣe àlọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wọn lédè Urdu tó ní ẹni tí Ọlọ́run kò bá fún, Asaf-ud-Daula á fún un. Ọ̀rọ̀ àṣejù ni lójú onígbàgbọ́, àmọ́ ẹni tí ebi bá pa rí mọ ohun tó fà á.

Wàyí o, ẹ wọ inú gbọ̀ngàn náà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 50, ìbú rẹ̀ tó mítà 16, òkè rẹ̀ sì ga tó mítà 15. Kò sí òpó kankan láàárín rẹ̀, kò sí igi àjà, kò sí irin. Bíríkì pẹlẹbẹ kéékèèké àti ẹfun ni wọ́n fi tẹ òrùlé náà bí ọrun. Ẹ wá bi ara yín léèrè, kí ló gbé e dúró? Kifayatullah, ẹni tó ya àwòrán ilé náà, kò jẹ́ kí òkè rẹ̀ wúwo. Ó fi ọ̀nà tóóró tóóró sínú ògiri àti sókè òrùlé, inú rẹ̀ ṣófo bí afárá oyin. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní bhul-bhulaiya, ibi tí èèyàn ti ń sọnù. Ohun tí àlejò ń sanwó kí ó lè wọ̀ ṣeré, ohun tó gbé ilé ró ni.

Ọmọ Aránṣọ

Bàbá tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka èyí fún bàbá mi, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ń béèrè: ṣé ẹni tí orúnkún ń dùn lè wọ ibi tí èèyàn ti ń sọnù yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Noida

Rárá o, àǹtí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, ó há, kò sì sí ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ dì mú. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn níbòmíì. Ẹ jẹ́ kí bàbá dúró nínú gbọ̀ngàn nísàlẹ̀, kí ẹ̀yin gòkè pẹ̀lú atọ́nà, kí ẹ wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó yí gbọ̀ngàn náà ká. Atọ́nà á lọ sí ìkángun kejì, á ya bébà tàbí kó ṣáná sí ìṣáná. Ẹ máa gbọ́ ọ bíi pé etí yín gan-an ló ti ṣáná. Bàbá máa gbọ́ tiwọn láti ìsàlẹ̀.

Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lọ́wọ́, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù lóṣù yẹn. Ẹ bo orí. Owó tí àjèjì ń san ju ti ọmọ Íńdíà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kan yẹn náà lẹ máa fi wọ Chota Imambara, ilé ọ̀fọ̀ kejì tó kéré ju èyí lọ, ẹ má jù ú nù. Ẹ fẹnu kò pẹ̀lú atọ́nà lórí owó rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tó wà nínú ọgbà náà, ti àwọn Mùsùlùmí nìkan ni. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí á dúró níta wò ó.

Bí ẹ bá ti ń jáde, Rumi Darwaza wà níwájú yín, ẹnu ibodè tó ga tó mítà 18. Nínú ọdún ìyàn yẹn kan náà ni òun náà bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wò ó, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìlá

Mi ò ní jẹ́ kí ẹ yọ Agra sílẹ̀ pátápátá o. Ẹni tó bá dé Delhi tí kò rí Taj Mahal, gbogbo àdúgbò ló máa bi í nígbà tó bá délé. Ẹ lè rí méjèèjì. Ẹ háyà ọkọ̀ láti Delhi lọ sí Agra ní àárọ̀, ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Agra lọ sí Lucknow lọ́jọ́ kejì. Kìlómítà 302 ni ọ̀nà náà, 2016 ni wọ́n ṣí i, ó tẹ́jú bí ẹní. Bàbá lè na ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Láti Lucknow, ọkọ̀ òfurufú kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ padà sí Delhi. Ẹ ṣáà ti rántí pé wọ́n kì í ṣí Taj Mahal lọ́jọ́ Jímọ̀.

Aláṣọ Balógun

Ọmọ Ìlá, ìmọ̀ràn yín dára fún ọ̀dọ́. Aláìsàn ojú tó ti pé 71, tó ní ọjọ́ mẹ́rin péré, kí ni ẹ fẹ́ kí ó máa sáré sí? Ẹ fún Lucknow ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sinmi lọ́jọ́ kẹrin.

Èmi ń ta aṣọ láti ọdún pípẹ́, Íńdíà ni mo ti ń kó ọjà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ tó ń mú yín lọ. Chikan ni wọ́n ń pè é. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, funfun lórí funfun láyé àtijọ́, àmọ́ gbogbo àwọ̀ ló ti wà báyìí. Kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, ọkùnrin kan á kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ igi tẹ àpẹẹrẹ sára aṣọ náà pẹ̀lú aró búlúù tó ń ṣí. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ bí ẹyin nínú àtẹ, ewé, òdòdó, ẹja, ẹyẹ ọ̀kín. Á tì í bọ aró, á gbé e ka aṣọ, á fi ìkúùkù gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Kò wọ̀n ọ́n, kò fa ìlà, òǹtẹ̀ kejì sì bọ́ sí ibi tó yẹ gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni aṣọ á lọ bá àwọn obìnrin nílé wọn, ní ìgboro àti ní àwọn abúlé tó yí ìlú ká. Aṣọ kan lè gba ọwọ́ obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí ẹni tó mọ irú gígún kan lè má mọ òmíràn. Níkẹyìn alágbàfọ̀ á fọ búlúù náà kúrò, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan á ṣẹ́ kù.

Bàbá yín á fẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn gígún náà. Tepchi ni ti ìlà tó ń sáré tààrà. Bakhiya, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ti ń gún un, òjìji rẹ̀ ló ń yọ síwájú. Murri rí bí hóró ìrẹsì, phanda rí roboto bí ọkà bàbà. Jali ni ó yà mí lẹ́nu jù: ó dà bí àwọ̀n, ẹ máa rò pé wọ́n gé aṣọ ni, àmọ́ wọn kì í gé òwú kankan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti àwọn òwú aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á wá fi okùn fún un kí ihò náà má baà dí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yí aṣọ náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ti ẹ̀rọ máa ń bára dọ́gba ju bó ṣe yẹ lọ, òwú ẹ̀yìn rẹ̀ á sì le. Ti ọwọ́ á ní kókó, á fò láti ibi kan dé ibòmíì, ẹ máa rí ibi tí obìnrin náà ti sinmi tó tún bẹ̀rẹ̀. Láti 2008 ni òfin Íńdíà ti ní chikan Lucknow nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn, síbẹ̀ ti ẹ̀rọ kún ọjà Chowk. Ẹ má bá wọn nájà bí ẹni tó ń nájà ẹ̀wà. Alágbàtà pọ̀ láàárín onítajà àti obìnrin tó gún aṣọ, ohun tó ń dé ọwọ́ obìnrin náà kéré gan-an, ó sì ń dùn mí lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ SEWA Lucknow, àwọn obìnrin tó ń gún aṣọ náà ló wà nínú rẹ̀; ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ dé.

Ọjà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ọjọ́ kan tó ń tì lọ́sẹ̀. Ẹ bi hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó jáde.

Ará Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi fẹ́ kí ẹ dé Residency, ọgbà tí aṣojú Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń gbé láyé àwọn Nawab. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, koríko wà, igi ńláńlá wà, bàbá lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àwókù ni gbogbo ilé ibẹ̀, wọn kò sì tún un kọ́ láti 1857.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní 1819, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì Nawab láyà pé kó pe ara rẹ̀ ní ọba. Nígbà tó di oṣù Èrèlé 1856, wọ́n ní ọba tó wà níbẹ̀, Wajid Ali Shah, kò mọ ìlú í tọ́, wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ náà di tiwọn. Ó kọ̀. Ó ṣí láwàní orí rẹ̀, ó gbé e lé aṣojú Gẹ̀ẹ́sì náà lọ́wọ́, ó sì sunkún. Wọ́n gba ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe gbé ìwé síwájú Ọba Dòsùnmú l'Ékòó ní 1861, tí ọkọ̀ ogun dúró lórí omi, kò ní ṣàjèjì sí ìtàn yìí. Ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì.

Wajid Ali Shah, olórin, akéwì, oníjó, Calcutta ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1887. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ni kò lọ. Begum Hazrat Mahal ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà dìde sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1857, ó fi ọmọ rẹ̀ kékeré, Birjis Qadr, jọba, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń darí ìlú. Nǹkan bíi 3,000 èèyàn ló wà nínú Residency nígbà tí wọ́n sé e mọ́, àwọn Òyìnbó àti àwọn ọmọ Íńdíà tó dúró tì wọ́n. Ọjọ́ 87 kọjá kí ọmọ ogun Havelock, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, tó já wọlé ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, wọ́n sì há àwọn náà mọ́bẹ̀ títí di oṣù Bélú. Ihò ọta ṣì wà lára ògiri níbẹ̀ títí dòní, ẹ lè ki ìka bọ̀ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú padà ní oṣù Ẹrẹ́nà 1858. Begum náà gba Nepal lọ. Wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì lọ̀ ọ́, kò gbà, Kathmandu ló kú sí ní 1879.

Mo ń sọ èyí torí pé ère Havelock wà ní Trafalgar Square ní London níbí, mo sì ti kọjá lẹ́bàá rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún láì bi ara mi léèrè ẹni tó jẹ́. Ìgbà tí mo dúró nínú Residency ni mo tó mọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sára òkúta nínú ọgbà yẹn, ikú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Nítorí náà, ẹ jáde níbẹ̀ kí ẹ lọ sí ọgbà ìtura tí wọ́n fi sọrí Begum Hazrat Mahal nítòsí Hazratganj. Ọgbà Victoria ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, 1962 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Kí ẹ tún dé Sikandar Bagh, níbi tí ère Uda Devi, tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1857, wà. Obìnrin náà gun orí igi, ó ń yìnbọn láti ibẹ̀, àfìgbà tí wọ́n yìnbọn já a bọ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni.

Olóúnjẹ Ṣakí

Ẹ ti sọ ti ogun, ẹ jẹ́ ká jẹun. Lucknow kì í ṣe ìlú tí wọ́n ń fi ata pa èèyàn, ẹ fi ọkàn bàbá balẹ̀. Òórùn ni wọ́n ń wá nínú oúnjẹ, ata díẹ̀ ni. Ẹran tí wọ́n ń pè ní galouti ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò: wọ́n á lọ ẹran náà kúnná bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìbẹ́pẹ dúdú rọ̀ ọ́, wọ́n á wá dín in pẹlẹbẹ lórí agbada irin. Kò béèrè eyín. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Nawab kan ti káyín, síbẹ̀ ẹran ṣì ń wù ú jẹ. Tunday Kababi ní Chowk ti wà láti 1905. Ẹran ẹfọ̀n ni wọ́n ń lò ní ti Chowk yẹn, òun ló jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú; ẹni tó bá ń fẹ́ ẹran ewúrẹ́ á lọ sí ti àdúgbò Aminabad. Ẹran màlúù ní tiẹ̀, òfin Uttar Pradesh, ìpínlẹ̀ tí Lucknow wà, lòdì sí pípa á, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá jí ní kùtù, ẹ wá makhan malai. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á gbé wàrà síta mọ́jú kí ìrì sẹ̀ sí i, wọ́n á wá pò ó títí á fi di ìfófòó aláwọ̀ òféèfèé, saffron ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Bó bá ti kan ahọ́n, ó ti yọ́. Àwọn tó ń tà á máa ń jókòó sí Chowk pẹ̀lú abọ́ ńlá, oòrùn kì í ràn tán kí wọ́n tó kó kúrò ńlẹ̀. Nihari náà, ẹran tó sùn lórí iná mọ́jú, òwúrọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì kulcha.

Bàbá tíṣà, ẹ ranti ìyàn yẹn? Wọ́n ní ìdí iṣẹ́ ìmọlé náà ni sísè dum pukht ti gbajúmọ̀: ìkòkò ńláńlá, ìrẹsì, ẹran, ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, wọ́n á fi ìyẹ̀fun pípò lẹ ẹnu ìkòkò náà pa, iná díẹ̀díẹ̀, kí oúnjẹ lè máa gbóná de òṣìṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Omi inú ike tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí ni kí ẹ mu. Ẹ má jẹ oúnjẹ tútù tó ti wà níta tipẹ́. Máńgòrò Malihabad ló gbajúmọ̀ jù nínú èso wọn, àmọ́ oṣù Òkudù ni ó ń pọ̀, ẹ kò ní bá a.

Tíṣà Àgbà

Ẹ ṣeun, mo rántí. Ohun kan ló kù. Àwọn ará Lucknow mọ ènìyàn kí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn ni *pehle aap*, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà ni, ìdí oúnjẹ ni, àbúrò á yà fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á ní kí àlejò kọjá. Kí bàbá yín gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí iwájú orí, kí wọ́n tẹrí ba díẹ̀, kí wọ́n ní *adaab*. Ẹ máa rí bí ojú yóò ṣe tú ká.

Ọmọ Aránṣọ

Ẹ̀yin ará ilé, a ti dé o. Ọlọ́run ṣeun, ojú ọ̀tún ti dára, wọ́n á ṣe tòsì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní Lucknow. A kò dé Agra, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ìmọ̀ràn yín fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ sí Bara Imambara, torí bó bá ti di ọ̀sán, ọmọ iléèwé á kún ibẹ̀. Àga kò sí nínú gbọ̀ngàn. Etí pèpéle níta ni bàbá mi ti sinmi. Wọ́n gbọ́ ìṣáná yẹn láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní kí ọkùnrin náà tún un ṣá. Àwọn èèyàn á fẹ́ bá yín ya fọ́tò. Púpọ̀ nínú wọn kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, bí ó bá sì ti sú yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jù ọwọ́ sí wọn, ẹ máa lọ. Kẹ̀kẹ́ ń wọ inú Chowk, àmọ́ ó níbi tó ń dé dúró, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ìyókù. Ibẹ̀ nìkan ni orúnkún bàbá ti ṣe wàhálà.

Ìyá Aláṣọ, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ẹ sọ yẹn la dé. Obìnrin mẹ́rin jókòó sórí ẹní nítòsí fèrèsé, aṣọ kan náà nà lé wọn lẹ́sẹ̀. Èyí tó dàgbà jù ń gún murri. Bàbá mi kí i ní *adaab* bí bàbá tíṣà ṣe kọ́ wọn, ó sì dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kí bàbá jókòó. Bàbá mi kò béèrè iye tí aṣọ ń jẹ́, wọn kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Wọ́n mú etí rẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ súnmọ́ ojú ọ̀tún, wọ́n ń fi àtàńpàkò wá ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà rí wọn, ó sọ nǹkan kan fún àwọn yòókù, gbogbo wọn gbójú sókè. Ó wá mú àkísà kan tí wọ́n ti tẹ ewé búlúù sí, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó nà án sí bàbá mi.

Ọdún mẹ́fà ni wọn kò ti mú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ wọn gbọ̀n ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò gún irú ti àwọn obìnrin náà, ti ọrùn agbádá ni wọ́n gún, wọ́n tẹ̀ lé etí ewé náà títí ó fi pé. Obìnrin náà gbà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí. Ó wá gún murri mẹ́ta sínú ewé kan náà, ó sì dá a padà fún wọn.

Inú Kùránì wọn ni àkísà náà wà báyìí. Aró rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́.